Ipa Ọwọ́ Mi ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

Òórùn gààrí elépo kì í tètè kúrò lára èèyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbẹ́ agbada ni mo jókòó sí nínú àgọ́ ìyangààrí tó wà lẹ́yìn ilé wa, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀rẹ̀ wọ Odìgbó. Àfọ́kù igbá wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo fi ń da gààrí síwá sẹ́yìn lójú iná, èéfín ń ta mí lójú, epo tí mo ta sí i ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Gààrí tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀. Kí èèyàn ṣẹ́jú ni, ó ti jóná. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù nígbà tó kọ́kọ́ dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, mi ò gbé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́, ohùn ọkọ àbúrò mi ni mo gbọ́ láti Ajue. Kò kí mi. Ọkùnrin yìí kì í pe èèyàn kó má kí i, kó kí àwọn ọmọ, kó kí ewúrẹ́ ilé, kó tó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ. Nítorí náà, mo ti mọ̀ kó tó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ara rẹ̀ ti ń gbóná láti àárọ̀. A ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàdé wa ní ọsibítù ní Ọ̀rẹ̀."

Mo fa igi jáde lábẹ́ agbada, mo ní kí aládùúgbò mi bá mi parí gààrí náà, mo gun okadà. Aṣọ tí mo fi ń yan gààrí ló ṣì wà lára mi.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ara gbígbóná lásán fi lé mi kúrò nídìí agbada. Lọ́dún yẹn ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ní ọyàn àbúrò mi. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù ńlá kan ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ń fa oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ ló gbà ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Irun rẹ̀ ti re tán, orí rẹ̀ ń dán, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá rí dígí kó wá wo ojú rẹ̀ nínú orí òun. Dókítà ibẹ̀ ti kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan fún un pé bí ara rẹ̀ bá gbóná, kò gbọdọ̀ jókòó sílé máa lo oògùn ibà, kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì, ọsibítù tó bá sún mọ́ ọn jù ni kó lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ka ìwé náà tó ìgbà mẹ́rin. Èmi ni mo kà á fún ọkọ rẹ̀, inú mi sì dùn pé ó rántí.

Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ọsibítù náà kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, wọ́n kọjú síra wọn. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ń bá òórùn ọbẹ̀ tí àwọn ẹbí gbé wá jà, ariwo tírélà tó ń sáré lọ sí Bìní sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nọ́ọ̀sì àgbà ló gbà wá, obìnrin kúkúrú kan tó fi okùn gbé jígí ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ka ìwé kékeré yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó wá fa àbúrò mi lọ sí bẹ́ẹ̀dì tó wà ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mi ò ní yàrá tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá gbé," ló sọ fún mi. "Ibi tí mo lè ṣe nìyí. Ẹ gbọ́ o. Oògùn jẹjẹrẹ yìí ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń pa àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Kòkòrò tí èmi àti ẹ̀yin máa gbé kiri tí a ò ní mọ̀ rárá, ó lè pa òun. Ẹ máa fọ ọwọ́ yín."

"Mo gbọ́, mà."

Mo sì fọwọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í fi ìmọ́tótó ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sẹ́ gààrí mi, ẹ̀ẹ̀kan kí n tó yan án, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó bá tutù tán. Mo fọwọ́ láàárọ̀ kí n tó bu ẹ̀kọ fún àbúrò mi, mo fọwọ́ lọ́sàn-án, mo fọwọ́ lálẹ́, mo fọwọ́ nígbàkígbà tí mo bá da póò nù. Mò ń kà á. Ẹ̀ẹ̀meje lóòjọ́ ni, bí kò bá di mẹ́jọ. Mo rò pé ó tó.

Ọjọ́ Ajé la wọlé. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, ibà náà ti rọlẹ̀. Omi oògùn tí wọ́n ń fà sí i lápá ti ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ti là, ẹnu rẹ̀ sì ti padà sípò. Ó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí iná lọ, nítorí bí iná bá lọ, orí òun ni wọ́n máa tàn.

Bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tiwa ni ti ìyá elépo kan láti Araromi-Obu. Okadà ló gbé òun àti kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ ṣubú lójú ọ̀nà oko, egbò ńlá sì wà ní ojúgun rẹ̀ tó ti ń kẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀nà wọn jìn, kò sì dára, nítorí náà ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í lè wá ju àárọ̀ lọ. Ẹnu ìyá yìí kì í sinmi. Ọjọ́ tí a wọlé gan-an ló ti na imú sókè, tó ní, "Ta ló ń yan gààrí nínú wọ́ọ̀dù?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ìyá Gààrí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tọ́jú aláìsàn lọ́dọ̀ wa rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Àwọn nọ́ọ̀sì kò tó nǹkan, àwa ẹbí là ń fún aláìsàn lóúnjẹ, àwa là ń wẹ̀ ẹ́, àwa là ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí olùtọ́jú kan bá lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ, ẹni tó bá wà nítòsí ló ni aláìsàn rẹ̀ títí yóò fi dé. Kò sí ẹni tó fi ṣòfin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe é, ojú tí wọ́n fi ń wò ó kò dára. Nígbà tí ara àbúrò mi ti wá fúyẹ́, ọwọ́ mi ṣófo, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. "Ìyá Gààrí, bá mi gbé ẹsẹ̀ yìí lé ìrọ̀rí." Màá gbé e. "Ìyá Gààrí, báńdéèjì yìí ti rin, bá mi fi aṣọ gbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Màá gbẹ ẹ́. Láti ibẹ̀, màá yí padà tún ìrọ̀rí àbúrò mi ṣe, màá ṣí fúláàsì, màá bu omi fún un, màá tún kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kẹta lọ bá obìnrin ibẹ̀ fọwọ́ ra ẹ̀yìn. Inú mi ń dùn. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí. Èmi tí mo lè lo odindi ọjọ́ nídìí agbada láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo wá di ẹni tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ orúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò mi wí lọ́jọ́ kan, "ṣé wọ́n ti gbà yín síṣẹ́ níbí ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán aṣọ fún yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jí, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Mo kí i, ó kàn wò mí. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju bí eyín rẹ̀ ṣe ń gbá ara wọn lọ. Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó gbóná ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà dé, ó ṣí pílásítà ibi tí abẹ́rẹ́ omi wọ ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ti wú, ó pọ́n, ọyún díẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Àwọ̀ ọyún náà ni mi ò lè gbàgbé: ó ní àwọ̀ ewé bí oje ewúro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, òórùn rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí kò dára, bí èso tó ti ń bà. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹsẹ̀ ìyá elépo lódìkejì, ó tún wo ọwọ́ àbúrò mi. Èmi náà bá a wò. Àwọ̀ kan náà ni mo ti ń rí lára báńdéèjì ìyá yẹn láti ọjọ́ Ajé.

Dókítà dé. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n wá ojú mìíràn lápá kejì, wọ́n pààrọ̀ oògùn sí èyí tó le. Wọ́n fi òwú nu ọyún tibí, wọ́n nu tọ̀hún, wọ́n fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò. Dókítà wá pe èmi àti ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní irú kòkòrò tó ń gbé ọsibítù le ju ti ilé lọ, nítorí oògùn oríṣiríṣi tó ti bá pàdé ti kọ́ ọ ní ìjà. Ó ní ara tí kò ní ọmọ ogun kò lè bá a jà fúnra rẹ̀, oògùn nìkan ló máa jà á fún un. "Ẹ jẹ́ ká fún un ní ọjọ́ mẹ́ta," ló wí. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, a ò sì bi í.

Mi ò kì í bínú síta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo tọ nọ́ọ̀sì àgbà lọ nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ọsibítù yín ló kó èyí ràn án, mà. Kò gbé e wá láti Ajue."

"Òótọ́ ni."

Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mi ò sì rí ẹni bá jà. Ó fi jígí rẹ̀ sójú, ó wò mí dáadáa.

"Ọ̀dọ̀ wa ló ti kó o," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọyún kò lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e láti ọ̀hún sọdá síbí. Ẹ jẹ́ ká wá onítọ̀hún." Ó na ìka sí okùn ìsáṣọ tó wà níta fèrèsé. "Ta ló ni aṣọ funfun yẹn?"

Èmi ni mo ni ín. Aládùúrà ni mí. Lọ́jọ́rú tí ara àbúrò mi yá ni mo ti ní kí wọ́n bá mi mú aṣọ ìsìn mi wá láti ilé, nítorí mo rò pé ilé ìjọsìn la máa wà lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi búlúù ìfọṣọ ṣàn án, ó ń dán lójú oòrùn.

"Ṣé búlúù náà ṣẹ́ kù?" ni nọ́ọ̀sì bi mí. Mo mú èyí tó kù fún un. Mo rò pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí mo lọ wẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó wẹ egbò ìyá elépo, ó fi báńdéèjì tuntun dì í, ó fi oògùn apakòkòrò fọ irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló po búlúù mọ́ ìpara díẹ̀, ó sì fi pa abẹ́ irin náà, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ìyá elépo nìkan ló sọ fún. Mo dé láti balùwẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan.

"Ìyá Gààrí! Bá mi fà mí sókè díẹ̀."

Mo di irin mú, mo fà á sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Ó ní inú òun kàn ń dùn láti rí mi ni. Mo kọjá sọ́dọ̀ àbúrò mi tó ń sùn nínú ibà, mo gbọn ìrọ̀rí rẹ̀, mo fa aṣọ bò ó láyà, mo ṣí fúláàsì, mo bu omi gbígbóná sínú ife, mo nu òógùn ojú mi. Mo wá rí i pé etí kan lára pílásítà abẹ́rẹ́ tuntun náà ti ń ṣí. Mo na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì àgbà ni. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìwé wà lórí orúnkún rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rí i tẹ́lẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọwọ́ yín."

Mo wò ó. Búlúù wà ní gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wo ìrọ̀rí: búlúù. Mo wo etí aṣọ tí mo fi bò ó láyà: búlúù, ìka mẹ́rin, ó hàn kedere bí ẹni tẹ̀ka síwèé. Ó wà lọ́mọrí fúláàsì, ó wà létí ife tó fẹ́ fẹnu kàn. Gbogbo ibi tí mo ti lọ ló kọ sílẹ̀ tẹ̀lé mi, láti bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún dé bẹ́ẹ̀dì ìhín, kò sì ku ju ìwọ̀n ìka kan lọ kó dé ojú abẹ́rẹ́. Nígbà náà ni ìyá elépo tí kò lè pa á mọ́ra mọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ojú rẹ̀! Ẹ wo imú rẹ̀! Aládùúrà ti di eégún o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nítorí iṣẹ́ abẹ, ó fọwọ́ di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wá pé ká má pa òun. Nọ́ọ̀sì àgbà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yọ jígí ojú rẹ̀ kó lè nu ojú, ló bá gbé e sún mọ́ ojú. Búlúù wà lára jígí. Ó wà lára okùn rẹ̀. Ó ti fa ìyá elépo sókè lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ náà, kò sì rántí. Ó gbé jígí náà sókè kí gbogbo wa rí i.

"Ẹ wò ó, kì í ṣe Ìyá Gààrí nìkan," ló wí. "Èmi náà wà níbẹ̀."

Mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, mo ń fọ ojú, omijé sì ń bá omi dà. Mo ka gbogbo ìgbà tí mo ti gbé ẹsẹ̀ yẹn lé ìrọ̀rí láti Ọjọ́rú, mi ò lè kà á tán. Nọ́ọ̀sì àgbà wá bá mi níbẹ̀, òun náà ń fọ jígí.

"Ó tó," ló wí. "Ọwọ́ ọ̀lẹ kì í gbé kòkòrò jìnnà. Ọwọ́ tó ń ṣàánú ló ń gbé e, nítorí òun ló ń lọ káàkiri."

"Ṣé kí n má ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́ ni, mà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni mo ní tó máa ṣe é? Ẹ ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, ẹ dúró. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó kọjá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ike omi méjì tó ní ẹnu ẹ̀rọ síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan láàárín wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọṣẹ àti bébà ìnuwọ́. Ó ní òun ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì òun, àwa ẹbí ló kù, ó sì fi mí jẹ ọ̀gá omi. Ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ tó bá sọ̀rọ̀. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fọwọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò mi kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ibà ti mú un lọ sí ibi tí ẹ̀rín kò dé. Bó bá lajú, omi ló ń béèrè, bó bá mu ún tán, á tún pa ojú dé. Mo pinnu pé mi ò ní sọ fún un. Mo ní bó bá yè é, kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Bí kò bá sì yè é, mi ò fẹ́ ronú ìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo rí ohun funfun tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Alàgbà ìjọ wa ni, ìyá ìjọ mẹ́ta tẹ̀lé e, gbogbo wọn wọ aṣọ ìsìn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì rìn bọ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbóná bó ṣe jẹ́ àṣà wa. Alàgbà mú ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Bàbá tó ti pé ọgọ́rin ọdún ni, òun ló so èmi àti ọkọ mi pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí i lọ. Mo sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe: ó fẹ́ gbé ọwọ́ lé orí yẹn, kí àwọn ìyá ìjọ di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí wọ́n fi omi yẹn ra á lójú. Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún aláìsàn nìyẹn, bí wọ́n ṣe gbà á fún èmi náà rí nìyẹn. Mo dìde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fọwọ́."

"Èmi?" Alàgbà wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbàdúrà kúrò níwájú pẹpẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọwọ́ tèmi náà máa ń gbàdúrà."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ kùn pé ayé ti ń yí mi lórí. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọ̀ ọ́. Láti inú wọ́ọ̀dù ni ohùn ìyá elépo ti ta gbọ́n-ọ́n.

"Bàbá aláṣọ funfun, ẹ yáa fọ̀ ọ́ o! Ìyá Gààrí kì í wojú ẹnikẹ́ni! Dókítà fúnra rẹ̀ ló lé padà láàárọ̀ yìí!"

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò lé e, mo kàn na ìka sí ike omi ni. Alàgbà wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gun orí pẹpẹ.

"Ṣé kí n bọ́ bàtà náà?"

"Ẹ ò wọ bàtà, sà."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá ìjọ wá tẹ̀lé e, wọ́n sì tò sídìí ike omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé fún un ní ohùn kékeré pé ara àbúrò mi kò lè gba ọwọ́ púpọ̀, kò sì lè gba omi tí a kò sè. Mo rò pé ó máa bínú. Ó gbé ìgò náà lé ojú fèrèsé, ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láìfi kan nǹkan kan. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ló wí fún àwọn tó bá a wá. "A ò rí Ọlọ́run fọwọ́ kàn rí, ó sì ń gbọ́ wa. A lè gbàdúrà fún ẹni tí a ò fọwọ́ kàn." Àdúrà náà kúrú ju ti ìgbàkígbà lọ. Ìyá elépo ló ṣe àmín rẹ̀ sókè jù.

Ọjọ́ pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àbúrò mi gba oògùn rẹ̀ yòókù pé, irun rẹ̀ ti hù, ó sì ní ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì àyẹ̀wò jẹ́rìí sí ohun tí ojú wa ti rí: kòkòrò kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ ìyá elépo pẹ́ kó tó jiná, ṣùgbọ́n ó jiná, ó sì ń ta epo. Mo ti tọ́jú aláìsàn mìíràn láti ìgbà náà, mo sì ti rí i pé iṣẹ́ tó le jù nínú rẹ̀ kì í ṣe dída póò nù tàbí àìsùn. Dídúró yẹn ló le jù, kí ẹnì kan máa pè ọ́, kí àánú máa fà ọ́, kí o sì dúró nídìí omi kí ọwọ́ rẹ gbẹ. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ni í sáré. Mo wá mọ̀ pé ìdúró náà wà lára ìfẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń pè ọ́ lè máa rò pé o ń fi òun ṣeré.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ti ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àìkú yẹn, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta tí dókítà dá fún wa pé. Nǹkan bí aago kan, òógùn bò ó, gbogbo aṣọ rẹ̀ rin. Nọ́ọ̀sì fi ìwọ̀n ìgbóná sí i lábíyá, ó wò ó, ó tún un fi sí i, ó wá gbé e sójú mi kí èmi náà kà á. Ara rẹ̀ ti tutù. Ó lajú, ó wo òrùlé, ó wò mí, ó bi mí pé kí ló ṣe ojú mi. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo sì ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wò mí yẹn, mi ò lè gbé e mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ ìyá elépo, ìrọ̀rí, fúláàsì, ife. Mo ní, "Ọwọ́ mi ló kó o ràn ọ́. Èmi gan-an ni." Ó fa ọwọ́ mi sọ́dọ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ọwọ́ yìí náà ló ń bọ́ mi láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Ẹ lọ fọ̀ ọ́ wá, ebi ń pa mí."